Kásẹ́ẹ̀tì Karùn-ún

Ogún náírà ni wọ́n ń ta sẹ́lótéèpù kékeré nígbà náà, èyí tí kò fẹ̀ ju ìka mi yìí lọ. Bí o bá mọ ọjà ná, àádọ́ta náírà ni mẹ́ta. Mẹ́ta lèmi máa ń rà. Ẹ má tíì bi mí pé kí ni obìnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ń fi sẹ́lótéèpù ṣe, a óò débẹ̀. Bí orí mi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ yìí: iye owó ni Ẹlẹ́dàá dá a láti máa gbé. Ẹ bi mí ní iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀pà lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, màá sọ ọ́ láìwojú òkè. Ẹ bi mí ní orin tí a fi sin ìyá mi, màá ní ẹ jẹ́ kí n ronú ná. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà, n kò dé ìkẹrin, ṣùgbọ́n a ò tíì bí oníbàárà tó máa fi ṣéńjì rẹ́ mi jẹ.

Ibi tí mo jókòó sí yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ Aramọkọ, tí mo ti ń ta okùn ṣájà àti àpò fóònù, ibẹ̀ náà ni mo wà láti ọjọ́ yìí wá. Ṣọ́ọ̀bù pákó ni nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì ló kún un láti ilẹ̀ dé àjà: ti ìwàásù, ti akọrin ìjọ, ti eléré. Rẹ́kọ́dà olójú méjì kan wà láàárín wọn, dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ọkọ mi rà fún mi kí ó tó gbàgbé pé òun níyàwó. Ojú kan ń kọrin, ojú kejì ń gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan iná títí wọn yóò fi mú un lọ, ohùn bọ́tìnì àti ohùn àwọn dírẹ́bà ni mò ń gbọ́: "Ìjerò kan! Ẹ̀fọ̀n kan ṣoṣo ló kù!" Bẹ́ẹ̀ àyè ẹni mẹ́ta ló ṣófo nínú ọkọ̀ náà. Nínú gbogbo ohun tó wà nígbà náà, irọ́ àwọn onímọ́tò nìkan ni kò tíì yí padà.

Lónìí, ẹ óò tẹ fóònù, orin á dé. Ó dára, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, orin ní ìwúwo. O lè fọwọ́ kàn án, ó lè jábọ́ sómi, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà níwájú mi jẹ kásẹ́ẹ̀tì orin Kérésì mi kan rí, ó ń fa okùn rẹ̀ kiri ibùdókọ̀ bí ìyàwó tí ọ̀já tú mọ́ lára. Mo ní kí obìnrin náà sanwó. Ó ní kí n dúró ná kí ewúrẹ́ náà kọ ọ́, bó bá kọ ọ́ tán láìṣì í, òun á sanwó. Títí di òní ni mò ń retí ewúrẹ́ náà.

Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Báírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, kí bátìrì má baà tètè tán. Báírò onígun ló ń wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin, olóbìrípo kò wúlò. Bátìrì tó bá kú, a óò sá a sóòrùn lórí páànù bí ẹni sá kòkó, á jí fún wákàtí kan. Bí kò bá jí dáadáa, ohùn á máa wọ́ nílẹ̀: ọmọge á di bàbá arúgbó, ẹni ọ̀wọ̀ tó ń wàásù á dà bí ẹni tó ti ẹmu bọ̀. Okùn kásẹ́ẹ̀tì tó bá sì já kọjá àtúnṣe, àwọn àgbẹ̀ onírẹsì lọ́nà Ẹ̀fọ̀n á rà á, wọn á ta á láti igi dé igi lójú oko. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ lù ú, á máa hó huuu, ẹyẹ ò ní lè balẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ̀ wa bá ń kọjá níbẹ̀. Oko àgbẹ̀ kan ṣoṣo, olórin bíi mẹ́wàá ló ń ṣọ́ ọ, kò sì bọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Bí udún uṣu, ọdún iṣu tuntun, bá dé ní Ìdó-Ilé, èmi náà á dé. Mo gba ohùn bàbá kan sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan, ó ń ki ìdílé wọn. Nígbà tí mo yí i padà tí mo jẹ́ kí ó gbọ́, ó wò yíká, ó ní, "Ta ni arúgbó tó ń sín mi jẹ yìí?" Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ni. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ yọ. Ó ní kí n tú ohùn òun sílẹ̀ nínú àpótí yẹn kíá, pé ohùn òun ò ní í sùn ní Aramọkọ láé. A rẹ́rìn-ín títí tí ìyàwó rẹ̀ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá náà ti kú tipẹ́. Láti ìgbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé bóyá òun nìkan ló gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Ó yá, sẹ́lótéèpù. Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì ní eyín kéékèèké méjì. Bí o kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohun mìíràn lé orí ohun tó wà nínú rẹ̀, o óò fi ọ̀bẹ yọ eyín náà. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò léyín kò lè jẹ nǹkan mìíràn mọ́, èyí tó ti jẹ ni yóò gbé sínú. Bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà lèmi. Bí kásẹ́ẹ̀tì tuntun bá wọ́n, mo máa ń ṣa àwọn àtijọ́ tí kò tà jọ, màá gé sẹ́lótéèpù, màá fi dí ojú ihò eyín wọn, wọ́n á tún máa jẹun. Èmi ni dókítà eyín gbogbo kásẹ́ẹ̀tì láti Aramọkọ dé Ìjerò. Ọwọ́ mi yá níbẹ̀ débi pé mi ò kì í wo ohun tí mò ń dí mọ́. Ọwọ́ á ṣe é, ẹnu á máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ Wẹliwẹli, olórin tó kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ ò lè ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọrin nínú okùn tí ẹ ń tì bọ etí títí tí ẹ ò fi ń gbọ́ ìpè àgbà. Èkó ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ohùn rẹ̀ tó ń rọ̀ bí òjò wẹliwẹli. Gbénró lèmi mọ̀ ọ́n sí, ọmọ Màmá Tíṣà ti Ìlórò. Ọmọ bí ogún ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ga gbọọrọ bí igi ìbẹ́pẹ, ó sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ni ìyá rẹ̀. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ajá ilé wọn gan-an, gírámà ló ń gbó. Màmá Tíṣà ní ọmọ òun á tún ìdánwò náà ṣe, á di tíṣà. Gbénró ní orin lòun fẹ́ ṣe jẹun. Ìyá rẹ̀ ní, "Bó bá jẹ́ orin, má fẹsẹ̀ tẹ ulé mi mọ́." Ó gbé ẹrù ọmọ náà síta, ó to àwọn ìwé rẹ̀ lé e lórí gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, ńlá sí kékeré. Tíṣà ni, kò lè ṣe é wúruwùru.

Gbénró ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba orin mi sílẹ̀ nínú rẹ́kọ́dà yín."

Mo ní, "Èló lo ní lọ́wọ́?"

"Mi ò tíì lówó, ṣùgbọ́n bí mo bá lówó..."

"'Bí mo bá lówó' ò ra iyọ̀. Gba ìgbálẹ̀ yẹn, kọ́kọ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Ó gbálẹ̀. Mo fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà kí ariwo ọkọ̀ lè dínkù, ó jókòó lórí àpótí, ó gbé ẹnu sún mọ́ rẹ́kọ́dà. Orin méje ló kọ, ojú kan kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìlù, kò sí nǹkan kan, àfi ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń lu itan. Èyí tó ṣe ìkeje, ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Ó ń kan ilẹ̀kùn nínú orin náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣí i. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku ni, pé kò gbálẹ̀ dáadáa. Nígbà tó parí, ó gbé orí sókè, ó ní, "Àǹtí, ó tó, ẹ pa á." Mo bú sẹ́rìn-ín nítorí bó ṣe sọ ọ́ bí ọ̀gá, mo sì pa á.

Ó fi ọ̀bẹ yọ eyín kásẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ó fi báírò pupa kọ "Fún Màmá" sí i lára. Ó ní Èkó lòun ń lọ lọ́jọ́ kejì, pé bí inú ìyá òun bá rọ̀, kí n bá òun fún un, ṣùgbọ́n kí n má fún un nígbà tí inú bá ń bí i, nítorí yóò jù ú síná. Mo ní kí n ṣe ẹ̀dà kan fún un kó mú lọ. Ó kọ̀. Ó ní ti ìyá òun nìkan ni. Èmi tí mò ń ṣe ẹ̀dà fún gbogbo ayé, èyí tó yẹ kí n ṣe ni mi ò ṣe. Mo gbọ́ ọ ju ogún ìgbà lọ, èmi nìkan, bí ọjà bá dá.

Bí ọdún kan lẹ́yìn náà, Màmá Tíṣà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlórò, ó sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gbà á sílẹ̀. Mo ní ọjọ́ tó dára dé, inú ẹni kì í dùn kó tún máa bínú. Mo kó kásẹ́ẹ̀tì òfìfo mẹ́rin sínú àpò, mo fi ti Gbénró ṣe ìkarùn-ún, kí n lè fún un lẹ́yìn ìsìn. Ọgọ́fà náírà ni mò ń gbà lórí ọ̀kan bí mo bá lọ síta.

Mi ò mọ̀ pé àwọn tíṣà lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, igbákejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyá kọrin, wọ́n tún un kọ. Ọkùnrin kan tó ti ga ju ilẹ̀kùn lọ ká ṣòkòtò sókè kí gbogbo ìjọ lè rí ibi tí Màmá Tíṣà ti nà án ní kíláàsì méjì. Ó ń dúpẹ́, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni gba oyè. Mò ń yí kásẹ́ẹ̀tì, mò ń pààrọ̀ rẹ̀, òógùn bò mí. Nígbà tí Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ dìde láti dúpẹ́, tí gbogbo ìjọ dákẹ́, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tán, ó dún káà! Mo tọwọ́ bọ àpò, mo fi òmíràn sí i, ìdúpẹ́ ń lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé gbogbo wọn kalẹ̀, mo lẹ bébà funfun mọ́ wọn lójú, mo kọ nọ́ńbà sí wọn, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo ta á ní kókó. Mo kó o fún un. Mo rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Màmá, iṣẹ́ tí Gbénró rán sí yín wà nínú ẹ̀ o. Orin ni. Ẹ gbọ́ ọ."

Ojú rẹ̀ le bíi pátákó ìkọ̀wé. Ó ní, "Èló lowó yín?"

Mo sọ fún un. Ó ka ẹgbẹ̀ta náírà sí mi lọ́wọ́. Mo wọ ọkọ̀ Aramọkọ, inú mi dùn pé mo ti jíṣẹ́.

Orúkọ Gbénró tàn ká. Ó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀ ní Ìlórò, ó ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sùn nínú ilé náà rí. Bó bá wá, á dúró ní ìloro, á kí i, á dọ̀bálẹ̀, á lọ. Nígbà kan tó ń ti Ìlórò bọ̀, ó dá mọ́tò rẹ̀ tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fún wọn?"

Mo ní, "Mo fún wọn tipẹ́. Lọ́wọ́ sí ọwọ́."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó ra bátìrì méjì tí kò fẹ́ fi ṣe ohunkóhun, ogójì náírà, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan, kò gba ṣéńjì. Mo rò pé ọlá ló ń ṣe. Mo bú u lẹ́yìn pé olówó ò mọ iye ọjà mọ́.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Orí rẹ̀ ò tíì ní ewú. Gbogbo ẹni tí kò bá a jẹun rí ló ń sunkún lórí fóònù. Wọ́n gbé e wá sí Ìlórò, inú ilé tí kò sùn rí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí kí wọ́n tó sin ín. Mo lọ. Màmá Tíṣà jókòó, kò sunkún, ó ń fọwọ́ tẹ́ aṣọ orí ìjókòó tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ jíìpù kan dúró síbí. Ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní pírodúsà, àwọn tó ń to ohùn àti ìlù pọ̀ kó tó di àwo. Èyí tó sanra ń jẹ́ Bóyè, òun ló ṣe àwo àkọ́kọ́ fún Gbénró. Èyí tó gbẹ ń jẹ́ Ṣínà, òun ló ṣe èyí tó kẹ́yìn. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, wọn ò sì wo ojú ara wọn.

"Ìyá, ẹ̀yin ni ìyá oníkásẹ́ẹ̀tì?"

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ṣájà lẹ fẹ́ ni?"

Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní gbogbo orin tí Wẹliwẹli kọ tí kò tíì jáde ni àwọn ń kó jọ. Wọ́n ti tú gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, ikọ́ tó hú sínú makirofóònù gan-an, wọ́n ti fi ìlù sí i. Ó ti sọ fún àwọn méjèèjì nígbà ayé rẹ̀ pé orin tó dára jù tí òun kọ rí wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kan tí òun gbà sílẹ̀ ní Aramọkọ, pé ọwọ́ ìyá òun ló wà. Wọ́n ti bá Màmá Tíṣà sọ̀rọ̀. Mílíọ̀nù méjì náírà ni wọ́n fẹ́ san fún un. Màmá Tíṣà ní òun ò bá wọn sọ̀rọ̀ owó. Ó ní òun ò tíì gbọ́ orin náà rí. Ó ní kí wọ́n lọ mú mi wá, kí wọ́n mú ẹ̀rọ tó lè kọ ọ́ wá, kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n.

Ìyẹn ló kọ́kọ́ gún mi láyà. Kò tíì gbọ́ ọ?

Bóyè ní, "Èmi ni n óò ṣe é. Èmi ni mo sọ ọ́ di Wẹliwẹli."

Ṣínà ní, "O sọ ọ́ di Wẹliwẹli, o gbàgbé láti sanwó rẹ̀ fún un."

"Ìwọ ńkọ́, tí o ń fi iṣẹ́ pa á lọ́sàn-án lóru?"

Ẹyẹ ṣì wà lórí igi, wọ́n ti ń jà sí itan rẹ̀. Mo ní, "Ẹ dákun, ta ni nínú yín ló bí i?" Wọ́n wá wo ojú ara wọn. Mo ní, "Ó dáa. Ẹni tó bí i wà ní Ìlórò. Ẹ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi."

Rẹ́kọ́dà àtijọ́ kan wà lórí itan Bóyè nínú ọkọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ló rà á. Mo rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Ìjerò. Tèmi, mo tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹgbẹ̀rin náírà, mo sì rò pé mo rẹ́ wọn jẹ.

Màmá Tíṣà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó múra bí ẹni ń lọ kíláàsì. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá oníkásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti sanra."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ò ríran dáadáa mọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí irin kan jáde, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fa ọ̀rá kan yọ nísàlẹ̀. Kókó tí mo ta sí ọ̀rá náà lọ́jọ́ ìdúpẹ́, bí mo ṣe máa ń ta á, lẹ́ẹ̀mejì sí apá òsì, ó ṣì wà níbẹ̀. Kò tú u rí.

Ó ní, "Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, mo gbọ́. Mo ní mi ò ní í gbọ́ ọ títí yóò fi wọlé wá, tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí i fún mi. Mo ń dúró dè é. Òun náà ń dúró dè mí ní ìloro níbẹ̀ yẹn." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ bá mi tú u."

Mo tú u. Mò ń wá èyí tí báírò pupa wà lára rẹ̀. Kò sí. Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún, bébà funfun márùn-ún, ọwọ́ mi ló kọ wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ṣínà ní, "Ìyá, èwo ni?" Orí mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo mẹ́rin ni mo kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgọ́fà lọ́nà mẹ́rin, ọ̀rìnlénírínwó náírà ni. Ẹgbẹ̀ta ni mo gbà. Iṣẹ́ tí ọmọ rán sí ìyá rẹ̀, mi ò jẹ́ gbowó lórí ẹ̀ láé. Kí wá ni mo gbowó lé lórí?

Mo yí ìkarùn-ún padà. Sẹ́lótéèpù méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi tí kì í wo ohun tó ń dí ló fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n ti pọ́n bí èékánná arúgbó. Mo fi ìka ha bébà funfun ojú rẹ̀. Báírò pupa yọ lábẹ́ rẹ̀: Fún Mà...

Mo sọ fún wọn pé ìdúpẹ́ ni mo gbà lé orin náà lórí. Bóyè wó sórí ìjókòó bí àpò sìmẹ́ǹtì. Màmá Tíṣà nìkan ni kò mira. Ó ní, "Ẹ fi sí i."

A fi sí i. Ohùn rẹ̀ ló jáde, ohùn tíṣà tó ṣì lágbára: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ó dárúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ ọmọ tó ká ṣòkòtò. Ó dárúkọ gbogbo ènìyàn. Kò dárúkọ Gbénró. Ó jókòó níbẹ̀ lójú wa, ó ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń fo orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìjọ kọrin, wọ́n ṣe àmín, mo gbọ́ ìgbà tí mo pa á lọ́jọ́ náà, ó dún káà. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ tó kù ní ìparí okùn ń hó. Ṣínà ti ń na ọwọ́ sí bọ́tìnì.

"Àǹtí, ó tó, ẹ pa á."

Gbénró ni. Ó mọ́ gaara bíi pé ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín mi tẹ̀ lé e. Lókèèrè, dírẹ́bà kan ń pariwo, "Ẹ̀fọ̀n kan!" Okùn tán.

A yí ojú kejì padà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A padà sí ibi tó ti sọ̀rọ̀. Màmá Tíṣà ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ṣínà ló kọ́kọ́ ronú. Ó ní ẹ̀rọ wà nísinsìnyí tó lè kọ́ ohùn ènìyàn, ohùn Wẹliwẹli sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Ó ní bí ìyá bá lè rántí ọ̀rọ̀ orin yẹn àti bí ó ṣe ń lọ, ẹ̀rọ á kọ ọ́ bíi pé òun ni. Bóyè ní, "Fún ìgbà àkọ́kọ́, o sọ ọ̀rọ̀ gidi." Gbogbo wọn kọjú sí mi. Màmá Tíṣà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ mi rí, ó dì í mú.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ," ó ní. "Báwo ló ṣe kọ ọ́?"

Mo la ẹnu. Mo mọ̀ pé ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo gbọ́ orin yìí ju ogún ìgbà lọ, omi bọ́ lójú mi sí i. Mo ní, "Kó, kó, kó, èmi ni..." Ibẹ̀ ló tán. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tán. Ohun tó ń yọ sí mi lọ́kàn ni iye tí mo ta rẹ́kọ́dà, iye sẹ́lótéèpù, ogójì náírà bátìrì tí kò gba ṣéńjì rẹ̀. Owó tò lọ rẹrẹ, orin kò sí níbẹ̀. Bí ọmọ bá kú, a máa ń tu ìyá rẹ̀ nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè nìyí lórí tábìlì, odidi ni. Kí ni n óò sọ fún un nípa omi?

Àwọn pírodúsà kó rẹ́kọ́dà wọn. Wọ́n ní àwọn á máa bá mi sọ̀rọ̀ bóyá n óò rántí. Wọn ò bá ara wọn jà mọ́, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jà sí. Mílíọ̀nù méjì wọn bá wọn padà sí Èkó.

Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá Tíṣà ní, "Ẹ dìde, Ìyá oníkásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mi ò tú kókó." Ó mú kásẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó fọwọ́ wá ibi tí báírò pupa wà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ bí ìgbà tí tíṣà ń kọ́ ọmọ ní á, bí, dí.

Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbàgbé owó. Èló ni mo ra èyí lọ́wọ́ yín?"

Mo ní, "Ọgọ́fà náírà, Màmá."